Àrùn Yìí Kì í Ràn

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Dókítà ní kí n máa kọ bí ara ṣe ń ṣe mí. Ìwé tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo ń kọ "ó ń yún" àti "kò yún" sí. Èyí jẹ́ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ wà tí èèyàn kì í bá dókítà sọ.

Òní ni wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn tuntun náà sí ọwọ́ mi tí ìpẹ́ bò, nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yí ohun kan tó kún fún abẹ́rẹ́ tíntìntín sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi méjèèjì, ó wá ń kán omi sí i látinú ìgò kékeré. Lójú tèmi, omi lásán ni. Dókítà ní kì í ṣe omi lásán. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn a máa ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n á di iṣẹ́ náà sínú àpò kan tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, ẹ̀sósóòmù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì tó lálàáfíà sínú ìgò níbẹ̀, wọ́n ń gba àpò tí wọ́n bá tú jáde, òun ni wọ́n ń kán sí mi lọ́wọ́, kó lè bá mi sọ fún awọ mi pé kó yéé bá ara rẹ̀ jà.

Mo délé, mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi. Ó ní, "Oníṣẹ́ ni wọ́n nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí a ṣáà máa gbàdúrà kí wọ́n má lọ jẹ́ irú oníṣẹ́ tí a rán tó yà sọ́nà lọ tàkúrọ̀sọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ mi láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó, ó rí i tí mo ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ẹni tó jókòó tán lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ fún mi pé tí rọ́bà bá ti kan òun lórí, ńṣe ló ń ṣe òun bí òkú tí wọ́n ń wẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ìbọ̀wọ́ náà sì tún ti gbówó lórí.

Ìyàwó mi náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi ní ìwòkuwò, ó kọ lẹ́tà gàdàgbà sára pátákó, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: ÀRÙN YÌÍ KÌ Í RÀN. Àwọn tí kò tíì mọ̀ pé àrùn kankan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Mi ò lè bá a jà. Ìfẹ́ ló fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì dára. Mo yọ ọ́, mo gbé e ti ògiri lẹ́yìn àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ kí Ọ̀gá. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ gbàjámọ̀, òun ló fún mi ní abẹ tí mo ń lò títí dòní. Láti ìgbà tí ọwọ́ tirẹ̀ ti ń gbọ̀n ni mo ti ń fá orí rẹ̀ ní Àbámẹ́ta Àbámẹ́ta. Nígbà tí ìpẹ́ bo ọwọ́ mi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ rọ́bà, ó ní òun ò fẹ́. Ó ní kí n bọ́ rọ́bà, èmi náà ò gbà, torí ìpẹ́ á máa já bọ́ sí i lórí, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí n ríran. Bẹ́ẹ̀ ni irun ṣe ga lórí Ọ̀gá, ó funfun, ó rí gọngọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé eṣinṣin ń yọ̀ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo fẹ́ lórí mi. Mi ò kọ́ rọ́bà níṣẹ́."

Ohun tí mo ń wá nìyí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di pé mo gbàgbé láàárín gbogbo abẹ́rẹ́ yìí: kí n tún fi ọwọ́ lásán, láìwọ rọ́bà, fá orí Ọ̀gá. Tí ṣọ́ọ̀bù bá tún kún, inú mi á dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n orí yẹn ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n tún kán an. Kò sí nǹkan kan. Ìpẹ́ tún ti gun ọrùn ọwọ́ ni.

Mo pàdé ọmọbìnrin tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọn, tí mo ń pè ní Ìyá Ìgò torí kò sígbà tí kì í gbé ìgò. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní iná lọ fún ìgbà pípẹ́ níparí ọ̀sẹ̀, àpótí tó ń mú wọn móoru wá tutù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ò sì gbádùn. "Wọ́n rù, bàbá," bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ní kó bá mi kí wọn. Ó ní òun ń kí wọn láràárọ̀.

Ìyàwó mi ní òrùlé ń jò, mo sì ń lọ síbi omi kíkán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Mo gun òrùlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìgò tuntun. Èmi àti aránṣọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún. Ẹsẹ̀ ni tirẹ̀ wà, láti orúnkún dé kókósẹ̀, ó sì máa ń ṣàwàdà pé òun ń rán aṣọ fún gbogbo ayé, òun ò rí aṣọ tó máa bo tòun.

Omi tòní yàtọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe kan awọ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní láti inú fìríìjì lòun ti mú un jáde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo jí, ìpẹ́ kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi fi ìgbálẹ̀ gbá a. Awọ abẹ́ ìpẹ́ náà ń dán, ó rọ̀, kò sí ojú ọgbẹ́ kan. Mi ò sọ̀rọ̀, òun náà ò sọ̀rọ̀. A ń bẹ̀rù pé tí a bá sọ ọ́, àrùn náà á gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Kò yún. Mo jókòó láti àárọ̀, mo ń retí rẹ̀, kò wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Wọ́n tún kán an látinú ìgò ọjọ́sí. Dókítà ya fọ́tò ọwọ́ mi lọ́tùn-ún lósì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ń dúró. Èmi àti aránṣọ jókòó, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí itan mi. Eṣinṣin kan bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Kí n tó rò ó pé kí n lé e, awọ ibẹ̀ ta pì, eṣinṣin fò. Mi ò mi ìka kan. Ó lọ bà lé ojúgun aránṣọ. Awọ tirẹ̀ náà ta pì.

A wo ara wa. Ó fa ìró rẹ̀ wálẹ̀.

Mo sọ fún ìyàwó mi nílé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú sùn. Ó ti pẹ́. Kì í ṣe pé ó ń kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń kó ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní ó rọ̀ ju tìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra lọ, ó tún ní ó ń rùn díẹ̀ bíi wàrà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí oorun ò tètè kùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Oníbàárà méjì! Ẹ̀rọ ìgẹrun ni mo lò, wọn ò fẹ́ abẹ. Nǹkan bí ọ̀sán, ojú ọ̀run mọ́ kedere, gbogbo irun ọwọ́ mi dìde, wọ́n sì dojú kọ apá kan náà, síbi tí ọjà wà. Mo kó aṣọ ṣọ́ọ̀bù tí mo sá síta wọlé láìmọ ìdí tí mo fi ń kó o. Kò pẹ́, òjò dé láti apá ibẹ̀, ó rọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá dúró tipẹ́.

Ó wúlò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ fá orí Ọ̀gá.

Mo ti pọ́n abẹ láti àná. Ó ti jókòó dè mí níwájú ilé, aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe máa ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Ó yá."

Mo gbé ọwọ́ òsì lé àárín orí rẹ̀ kí orí má baà mì. Mo fi ọ̀tún mú abẹ. Bí abẹ ṣe ṣí, awọ ọwọ́ mi sá. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Ọwọ́ ò gbọ̀n, egungun ò mì, awọ nìkan ló ń fà lọ sókè síhà ìgbúnwọ́, ó ń ṣẹ́ra jọ, ó ń fi abẹ sílẹ̀. Ìka mi ṣí. Abẹ bọ́ sílẹ̀.

Mo he e. Ó tún bọ́. Mo fi aṣọ wé èèkù rẹ̀, mo tún gbìyànjú, òógùn bò mí, awọ náà sì ń gbọ̀n pìpì bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí. Ní gbogbo àkókò yìí ọwọ́ òsì mi ò kúrò lórí Ọ̀gá. Ibẹ̀ ló fẹ́ wà. Ó ti rọ̀ mọ́ orí náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Ọ̀gá sì di ojú rẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

Nígbà tó yá, ó la ojú, ó ní, "Kì í ṣe ìwọ ló ń bẹ̀rù. Ọwọ́ yẹn ló ń bẹ̀rù. Kí ni wọ́n sọ fún un?"

Mo ká abẹ. Mo sunkún lọ́nà ilé, ẹni tó bá sì rí mi, ó rí mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Lọ́rì tó ń kó màlúù dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù torí ọkọ̀ kan bàjẹ́ níwájú rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Màlúù kan yí orí, ó wò mí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà yí orí. Kò pẹ́, gbogbo wọn ló kọjú sí mi láàárín igi lọ́rì, wọn ò ké, wọn ò mi ẹnu.

Mo dìde, mo lọ. Mi ò mọ̀ pé mo ń lọ títí mo fi dé ibẹ̀. Ọ̀kan na ahọ́n jáde, ó ń lá ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ń lá a láti ìka lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọwọ́ mi dákẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ yọ orí, ó ní kí n jọ̀ọ́ kúrò lọ́nà, wọ́n ń retí àwọn ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Màlúù yẹn ò gbójú kúrò lára ọwọ́ mi títí ọkọ̀ fi ṣẹ́rí kúrò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, abẹ àti eṣinṣin àti lọ́rì. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ò lè gba iwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ran kọjá mọ́, ẹsẹ̀ òun kì í gbà, òun á sì dúró sójú títì bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Ìgò.

Ọmọ náà ti ń sunkún kó tó wọlé. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún sẹ́ẹ̀lì, láti inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí wọ́n bá nínú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìyá. Tí ó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n gba àpò, wọ́n gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ yìí lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fi ebi pa wọ́n, torí ẹ̀jẹ̀ náà ní àwọn àpò tirẹ̀ nínú, tó lè dà pọ̀ mọ́ tàwọn sẹ́ẹ̀lì. Ìyá Ìgò ò lè fi ebi pa wọ́n.

"Wọ́n ń kú lọ lójú mi, bàbá," ó ní. "Mo ní kí n fún wọn ní díẹ̀, díẹ̀ péré."

Mi ò lè bínú sí i. Èmi náà ni mo ní kó bá mi kí wọn. Aájò ni, aájò náà ló sì mú kí awọ mi jinná, torí àwọn ìgò tí kò lábàwọ́n ò ṣe nǹkan kan fún mi.

Dókítà ní kò sí ìwé kankan tó sọ pé irú àpò bẹ́ẹ̀ lè kọ́ awọ èèyàn ní ìbẹ̀rù. Ó ní ọmọ màlúù tí kò tíì rí ayé, kí ló mọ̀ tó máa fi ránṣẹ́? Mo rò ó lọ́kàn mi. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ayé yìí, ọ̀bẹ ni. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn oníṣẹ́ tèmi ò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe rán wọn gan-an ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹ.

Ó ní àwọn máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí náà. Ó ku omi díẹ̀ nínú ìgò yẹn. Tí wọ́n bá tún kán an, ó rò pé awọ yìí á dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Tí wọn ò bá kán an, iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìpẹ́ á sì padà. Ìyàwó mi ti ní kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, mo bi í: ṣé èyí máa ń ràn? Ó ní, "Kì í ràn, bàbá."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyàwó mi gbé búrẹ́dì àti ọ̀bẹ síwájú mi, ó ní kí n bá òun gé e. Mo ní ó mọ̀ pé mi ò lè mú ọ̀bẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbàgbé. Òun náà ò sì gé e. A fi ọwọ́ ya á, à ń rẹ́rìn-ín ara wa. Ó dára kí obìnrin bá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ìṣòro rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgbìmọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kù nínú ìgò lè fọwọ́ síwèé. Aránṣọ ti fọwọ́ sí i. Ó ní ẹsẹ̀ lòun ń lò, òun ò sì fi ẹsẹ̀ mú ọ̀bẹ.

Ìyàwó mi wo ọwọ́ mi títí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kán an. Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni, torí èmi náà fẹ́ ẹ. Mo wo abẹ tó wà nínú àpótí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́, òun nìkan ni mo fi ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ta ni mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó kọjú sí títì tí lọ́rì màlúù máa ń gbà, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ tura.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìpẹ́ kan yọ ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó kéré, ó ń yún. N kò mọ̀ pé èèyàn lè kí àrùn káàbọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Eṣinṣin bà lé ọwọ́ mi, ó jókòó. Mo ní láti fi ọwọ́ kejì lé e. Mo mú abẹ, mo ṣí i, mo pa á dé. Ó dúró sọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá láìwọ ìbọ̀wọ́, tèmi tìpẹ́ mi. Mo ní ìpẹ́ lè já bọ́ sí i lórí o. Ó ní kí n jókòó ti iṣẹ́ mi.

Ọwọ́ mi balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo gba ìpàkọ́, abẹ ń lọ bó ṣe máa ń lọ, irun funfun ń já bọ́ sórí aṣọ, Ọ̀gá ń kùn sínú bó ṣe máa ń kùn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Mo ń dúpẹ́ nínú mi. Ó wá ku àárín orí.

Mo gbé abẹ lọ síbẹ̀. Awọ orí Ọ̀gá sá.

Mo dúró. Mo tún gbé e lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tún sá, ó ṣẹ́ra jọ, ó ń gbọ̀n pìpì lábẹ́ irun náà. Ibi tó ti ń gbọ̀n ní ààlà. Mo gbé ọwọ́ òsì mi lé e láti fi mọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ bá àtẹ́lẹwọ́, ìka bá ìka. Kò lé, kò dín.

Mo rántí ọ̀bẹ àti búrẹ́dì. Mo rántí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn wa, ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi sùn lé ọwọ́ mi.

Ọ̀gá ní, "Kí ló dé? Ṣé ó ti tán?"

Mo ká abẹ. Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sórí láti yẹ iṣẹ́ mi wò, bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ bá irun tó kù láàárín. Ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ irun náà yí ká, ó mọ ohun tó jẹ́. Ó mú ọwọ́ òsì mi, ó dá a padà síbẹ̀, ó di ojú rẹ̀. Awọ náà dákẹ́.